Ilẹ̀kùn Ilé Kẹsàn-án

Àpótí náà wà lára ògiri níbi tó máa ń wà, gíláàsì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wáyà bá nìyẹn ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí Ìyá Onígbàálẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, tí ọmọbìnrin náà sì sáré lọ gbé ẹ̀rọ tó yẹ kó gbà á là. Ó ṣí àpótí, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò bá nǹkan kan. Ó sáré padà, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àyà obìnrin náà fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé.

Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń ta ọkàn tó bá dákẹ́ jí. Ó ní orúkọ gígùn kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n Jímidìde làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé ọ̀gá wa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo apá ìsàlẹ̀ ọgbà yunifásítì wa. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ẹnì kan tún yọjú wo inú àpótí, Jímidìde ti padà síbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò lọ ibì kankan.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Ìbéèrè. Iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ààbò ọgbà, ọdún kẹtàlélógún rèé. Wọn ò fi orúkọ yẹn yìn mí o. Wọ́n ní bí ènìyàn bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, màá bi í pé àárọ̀ wo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mo ń dá gbé, ọmọ mi kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó ń pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Bí kì í bá ṣe ìbéèrè tí mò ń bi àwọn èèyàn kiri, ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò bá tí la ẹnu rárá.

*

Láàárọ̀ Túsìdeè, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pè mí. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó sì mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pè mí ní Àǹtí kó tó pàṣẹ fún mi.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló gbé e. Ìgbìmọ̀ ààbò máa jókòó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Tọ́sìdeè, wọ́n á lé e lọ, ó parí. Ẹ kàn bá mi kọ ìròyìn ojú ìwé kan."

"Ta ló rí i nígbà tó gbé e?"

"Káàdì ló rí i." Ó sún káàdì kan sí mi lórí tábìlì.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni olùtọ́jú ilé ìkàwé. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kó sì fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá lé e kí ọjọ́ náà tó pé, gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn wọgbó nìyẹn. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo inú àpótí Jímidìde lójoojúmọ́, kó sì fọwọ́ sí káàdì tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun rí i, iná rẹ̀ sì ń tàn. Ìlà méje ló wà lórí káàdì, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ó ti fọwọ́ sí Fúráìdeè, ó fọwọ́ sí Sátidé, ó fọwọ́ sí Sọ́ńdè ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè," ni ọ̀gá mi wí. "Ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ láàárín? Nígbà tí ariwo ta, ẹ̀rù bà á, ó gbé e padà."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Kó tà á."

"Ẹni tó fẹ́ tà á ló gbé e padà?"

Ó gbójú sókè. "Àǹtí, ojú ìwé kan ni mo ní."

*

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wà. Kò tóbi ju ibi tí ènìyàn lè gbé àga kan àti tábìlì kan sí lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó lé ní ogójì wà lára ìṣó lójú ògiri, ó so ègé aṣọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: pupa fún àjà kìíní, búlúù fún àjà kejì. Ife tíì méjì wà lórí tábìlì, ó dojú ọ̀kan dé.

"Bàbá, ṣé ẹ wá síbí ní Sátidé?"

"Mo fọwọ́ sí i."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ fọwọ́ sí i."

Mo fa ìwé kan yọ lábẹ́ apá mi. "Ìwé kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá rèé. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ilé yìí padà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè. Ẹ ò gbà á mọ́ títí di aago méje Mọ́ńdè. Ilé tí ẹ ò ṣí, báwo lẹ ṣe rí inú rẹ̀?"

Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Àǹtí, ilé ìkàwé kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ní ìlà méje. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé káàdì yẹn dé, mo fi ìlà méjì sílẹ̀ lófìfo, wọ́n kọ̀wé sí mi pé mi ò ṣe iṣẹ́ mi pé. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti jẹun ọ̀sán Fúráìdeè tán, màá kún gbogbo rẹ̀ kí n tó lọ."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Gbogbo wa ni. Káàdì ẹ̀rọ panápaná pàápàá, kò sí ilé kan nínú ọgbà yìí tí wọn kì í kún un bẹ́ẹ̀."

Èmi ni mò ń gba àwọn káàdì náà ní òpin oṣù. Èmi ni mò ń fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, igba káàdì, òkìtì òkìtì, ìlà méjeméje tí kò sí ẹyọ kan tó ṣófo, inú mi sì máa ń dùn pé àwọn èèyàn mi ń ṣiṣẹ́. Èmi Àǹtí Ìbéèrè, mi ò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni gbogbo wọn ṣe ń rí inú ilé tó tì.

"Èé ṣe tí ẹ ò sọ fún ọ̀gá?"

"Bí mo bá ní mo rí i ní Sọ́ńdè, olè ni mí. Bí mo bá ní mi ò rí i, elékèé ni mí. Èwo lẹ fẹ́ kí n mú nínú méjèèjì?" Ó fọwọ́ kan ife tó dojú dé. "Ìyá Onígbàálẹ̀ ló ni ife yìí. Èmi ló ń po tíì, òun ló ń mú búrẹ́dì wá. Ọdún mọ́kànlá. Ṣé èmi ni màá gbé ohun tó lè gbà á là?"

Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wá.

*

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún sọ orúkọ ẹlòmíràn sí mi létí. Wọ́n ní ẹnì kan rí Wáyà níwájú àpótí náà ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, ó dúró pẹ́. Ọdún ìkẹyìn ló wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sí ohun tó ń bàjẹ́ tí kì í tú. Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀. Wáyà iná kún ilẹ̀ débi pé mo gbé ẹsẹ̀ sókè wọlé, lórí tábìlì ni mo sì ti rí bátìrì kan, irú èyí tó wà nínú Jímidìde gan-an. Mo rò ó pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ilé ìwòsàn ọgbà ló fún wa, mà. Ó ti kú. A fi ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa." Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó fi ìwé tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí hàn mí. Bí ọ̀rọ̀ bátìrì ṣe parí nìyẹn.

"Kí lò ń ṣe níwájú àpótí ní Fúráìdeè?"

"Mò ń wò ó, mà. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni. Ó ṣófo."

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó. "Ó ṣófo láti Fúráìdeè, o ò sì wí?"

"Mo wí, mà. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì tó wà lára ògiri. Wọ́n ní kí n wo káàdì. Mo wò ó, káàdì ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé wọ́n á ti dá a padà kó tó di Mọ́ńdè."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Ọ́fíìsì wa ló ń dáhùn nọ́ńbà yẹn.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan sí i, mà," ni Wáyà wí. "Ẹ̀rọ yẹn máa ń rántí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó."

A jọ rìn lọ sí ilé ìkàwé. Ó gbé Jímidìde kalẹ̀, ó yí i padà, ó tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ àti aago sì ń yọ lójú gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́. Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ alẹ́. Sátidé, Sọ́ńdè. Wọ́n á ṣí i fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á pa á dé. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje gbáko, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó fò. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló yàtọ̀: Mọ́ńdè, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìdájí ni wọ́n ṣí i, wọn ò sì pa á dé títí di aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i?"

"Ó máa ń sọ̀rọ̀, mà." Ó gbé ìdérí rẹ̀ sókè. Ohùn obìnrin kan jáde, ó tutù, kò kánjú: "Má fòyà. Ké sí ẹni tó wà nítòsí rẹ." Ó pa á dé. Nígbà tí mo gbé àpò ẹ̀rọ náà láti dá a padà, mo gbọ́ òórùn ìpara tó ń ta imú, irú èyí táwọn àgbàlagbà fi ń pa àyà.

*

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo ti ìdè irin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo gbé oúnjẹ ẹnì kan kaná. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, mo wí fún ara mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè wí i fún. Olè wo ló ń gbé nǹkan lọ ní Fúráìdeè, tó ń dá a padà láàárọ̀ Mọ́ńdè kí olùtọ́jú ilé tó dé? Èyí kì í ṣe olè. Ẹni tó ń yá nǹkan lò ni. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ilé ìwòsàn ọgbà máa ń tì, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sílé wọn, tí gbogbo ibí á pa rọ́rọ́. Ẹni náà ń bẹ̀rù òpin ọ̀sẹ̀.

Oṣù méje. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn, mi ò kàn fẹ́ rántí rẹ̀ ni. Olùkọ́ ìṣirò kan ń gbé nínú àwọn ilé òṣìṣẹ́, ó ń dá gbé. Fúráìdeè ló kú, Túsìdeè la tó mọ̀. Èmi ni mo fi irin fọ́ ilẹ̀kùn náà. Ó gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú, nítorí ó ti ìdè méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ká ní kò tì í ni." Mi ò wẹ̀yìn wo ẹni náà. Nígbà tí mo padà sílé, dípò kí n kọ́gbọ́n, ìdè kẹta ni mo lọ rà.

Mo gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀. Ká ní kò tì í ni. Ẹni tó bá rí ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹ̀rù sì bà á, ohun méjì ló máa ṣe: á wá ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí, á sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì.

*

Àwọn sìkiọ́rítì wa ní ìwé kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń yí ilé òṣìṣẹ́ ká, wọ́n á fọwọ́ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ èyí tó tì àti èyí tó ṣí. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè mo jókòó ti ìwé náà. Mọ́ńdè sí Fúráìdeè, ilé kẹsàn-án, ó tì. Sátidé, ilé kẹsàn-án, ó ṣí. Sọ́ńdè, ó ṣí. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje.

Mo bi sìkiọ́rítì tó kọ ọ́ pé ṣé kò kan ilẹ̀kùn rí. Ó ní rárá. Wọ́n ní kóun máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọn ò ní kóun kàn án.

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ń gbé ilé kẹsàn-án fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé ààbò ọgbà ni, ìwé aláwọ̀ ewé pẹlẹbẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń gbà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé tirẹ̀. Kíláàsì rẹ̀ aago mẹ́jọ Mọ́ńdè kò wáyé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró dè é títí. Òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ tó máa lé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ lọ́la. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mò ń wá ibi tí mo ti lè ṣì í, mi ò rí i.

*

Aago mẹ́rin ọ̀sán ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ ìdè kan, mo gbọ́ ìkejì. Wẹ́sìdeè ni, ó tì í.

"Àǹtí Ìbéèrè. Wọlé."

Ìwé wà lórí gbogbo àga nínú pálọ̀ àfi ẹyọ kan. Ó kó ìwé kúrò lórí òmíràn kí n lè jókòó, eruku sọ, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀. Òórùn ìpara yẹn gba gbogbo ilé.

"Ẹ̀rí tí mo ní kò pọ̀, sà. Ilẹ̀kùn yín ni." Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: káàdì, ìwé kọ́kọ́rọ́, ìwé sìkiọ́rítì, òórùn àpò. Ó ń gbọ́ mi bí ó ti máa ń gbọ́ wa nígbà tó ń kọ́ wa.

"Àti kí ni?" ló wí nígbà tí mo dákẹ́.

"Àti ìdérí tó wà ní ṣíṣí láti aago márùn-ún ìdájí Mọ́ńdè. Kí ló ṣe yín, sà?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àyà ló dì mí mú. Mo ti bọ́ sílẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo na ọwọ́, mo ṣí i. Ó ní kí n ké sí ẹni tó wà nítòsí mi. Ó ń tún un sọ. Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ilẹ̀kùn yín ṣí."

"Ó ṣí. Kò sẹ́ni tó wọlé."

Ó ṣòro fún mi láti sọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ènìyàn kì í dá Jímidìde lò fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà."

"Ojú ìwé kẹrìnlá. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí lẹ wá ń gbé e wá sílé fún?"

"Ó ní iná kékeré kan, ó máa ń ṣẹ́jú. Mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tí ìyàwó mi máa ń gbé gíláàsì omi rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń rí i, mo máa ń sùn. Ní aago mẹ́jọ màá ṣí i wò, kí n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí ẹ gbọ́ ohùn."

"Kí n gbọ́ ohùn," ló wí.

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ nípa Ìyá Onígbàálẹ̀?"

"Nígbà tí mò ń gbé e padà."

"Lọ́la lẹ sì máa jókòó sórí àga alága, ẹ máa fọwọ́ síwèé pé kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ máa lọ. Ọgbọ̀n ọdún ó ku oṣù mẹ́ta, sà."

Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó funfun, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti rí dókítà láti Mọ́ńdè. Ó ní rárá, wọ́n á bi òun ohun tóun ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ ọgbà. Mo dìde, mo mú bàtà rẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́.

*

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń wá ibùsùn fún un, a kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn obìnrin, Ìyá Onígbàálẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó ti la ojú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò tíì gbé dáadáa. Ó rí mi, ó mi orí pé kí n wá.

"Ta ló ń bá Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mu tíì láàárọ̀?" ló bi mí. Ohùn rẹ̀ kò le ju ti ọmọ tuntun lọ. "Bí kò bá sí búrẹ́dì, kì í jẹun. Ẹ ní kó jẹun."

Mo ní màá jíṣẹ́. Nígbà tí mo yí padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́yìn mi, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mi ò tíì kọ ìròyìn mi, sà," ni mo wí fún un. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni màá mú un wá. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣáájú mi sọ̀rọ̀, àyè wà."

*

Ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ní Tọ́sìdeè, àga alága ṣófo. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀gá mi ń wo aago. Mo mú ìròyìn mi lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́fà.

Ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú sílípáàsì ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e. Kò lọ sórí àga alága. Ó fa àga kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó jókòó síbẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo gbé e." Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ohùn tó ń sọ̀rọ̀ ní ìdájí. Nígbà tó parí, èmi náà dìde, mo sọ nípa igba káàdì tí mo ti ń lu lóǹtẹ̀ láìwò, mo sì sọ pé ọ́fíìsì wa ló dá Wáyà lóhùn lórí tẹlifóònù ní Fúráìdeè.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò lọ. Wọ́n fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀, wọ́n fún èmi náà ní tèmi, tèmi gùn jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fọwọ́ sí Sátidé, Sátidé ni kó wá.

*

Ní Sátidé kejì lẹ́yìn ìyẹn, mo jáde láàárọ̀ láti fi ojú ara mi rí i. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wà níwájú àpótí. Ó yọjú, ó rí iná tó ń ṣẹ́jú, ó fọwọ́ sí káàdì. Ṣùgbọ́n kò yà sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ti káàdì bọ àpò, ó forí lé àwọn ilé òṣìṣẹ́, mo bá tẹ̀ lé e.

Ní ilé kẹsàn-án, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ìdè méjì ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọrí.

"Mo rí yín," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí.

"O rí mi," ni ẹnì kejì dáhùn, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá yọ káàdì. Lábẹ́ ìlà méje náà, ó ti fi rúlà fa ìkẹjọ: Ilé kẹsàn-án. Ó fọwọ́ sí i.

"Ta ló ní kí ẹ máa ṣe èyí?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò tíì dárí jì í. Ọwọ́ òsì ìyá yẹn ò tíì gbé ife." Ó ká káàdì náà dáadáa. "Ṣùgbọ́n bí mo bá máa fọwọ́ sí Sátidé, kí n rí nǹkan tí mò ń fọwọ́ sí."

A jọ ń rìn lọ. Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, gbogbo fèrèsé ló tì. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbé e mì.

"Bàbá."

"Hìn-ín?"

"Ilé kẹrìndínlógún ni tèmi. Ó wà lójú ọ̀nà yín."

Ó dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wò mí tìyanutìyanu. Ó tẹ́ káàdì náà mọ́ ògiri ilé ẹnì kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ ṣe rúlà, ó fa ìlà kẹsàn-án.

"Aago wo lẹ fẹ́?" ló bi mí.

Ìbéèrè kìíní tí ẹnikẹ́ni bi mí láti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ aago mẹ́jọ, màá ti ṣí ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó dé.